Ẹ̀rí-Dà àti Gbólóhùn Tí Kò Ní Baba

Ẹ̀rí-Dà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ìwé wa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìwé kíwèé tí a bá fẹ́ tẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé kéwú, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà á. Níbi tí òǹkọ̀wé bá ti kọ “Ànábì sọ pé,” wọn á bi í níbi tó ti rí i. Wọn á ṣí àwọn ìwé hádíìsì ńláńlá ẹ̀yìn àga wọn, wọn á wo ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti bóyá wọ́n ṣeé gbà gbọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá dúró, wọn á fi pẹ́ńsùlù fa ilà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí kò bá dúró, wọn á kọ “Ẹ̀rí dà?” Orúkọ wọn á wá jáde ní ojú-ewé àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò. Àwọn olùkọ́ ní orúkọ yẹn làwọn ń wò kí àwọn tó ra ìwé wa.

Iṣẹ́ náà ti ba ojú wọn jẹ́. “Ó ti rẹ̀ mí” ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn tí a bá kí wọn láàárọ̀. Èmi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mò ń to ọ̀rọ̀ sójú ewé, torí pé ìwé-ẹ̀rí yunifásítì tí mo gbà kò bá mi rí iṣẹ́ mìíràn. Ìyá Aránwèé, tó ń di ìwé pọ̀ ní igun yàrá, ló sọ mí ní Oníwèé-Ẹ̀rí.

Àáfà Gbajúmọ̀, oníwàásù tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé, gbé ìwé kíláàsì kẹta wá. Ó kọ sínú rẹ̀ pé: “Ànábì sọ pé ọmọ tó bá ń da ìbéèrè bo olùkọ́ rẹ̀, ìbùkún ìmọ̀ yóò jìnnà sí i.” Ẹ̀rí-Dà pè é lórí fóònù, gbogbo wa sì ń gbọ́.

“Àáfà, ẹ kú iṣẹ́. Níbo lẹ ti rí ti ọmọ tó ń béèrè yìí?”

“Háà, Ẹ̀rí-Dà! Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.”

“Ìwé wo ló ń jẹ́ Kò-sẹ́ni-tí-kò-mọ̀-ọ́n? Ẹ sọ ojú-ewé fún mi.”

Ìyá Aránwèé bú sẹ́rìn-ín. Àáfà kò rẹ́rìn-ín. Ó dárúkọ ìwé àwọn ọmọdé kan tí ilé iṣẹ́ mìíràn tẹ̀.

A wá ìwé náà rí. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì sọ pé inú ìwé kíláàsì kejì kan tó ti pẹ́ lòun ti mú un. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí wa la ti rí ìyẹn. Ìwé tiwa ni. Àáfà Gbajúmọ̀ ló kọ ọ́, kò sì sọ ibi tí òun ti gbọ́ ọ.

Ìyá Aránwèé ní, “Yéè! Ìwé bímọ, ọmọ wá padà bí bàbá ẹ̀.”

Ẹ̀rí-Dà ṣí ojú-ewé àkọ́kọ́. Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Wọn ò fojú kan ìwé yẹn rí. Wọ́n gbé e, wọ́n lọ bá Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa ní yàrá rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ̀yin lẹ fi orúkọ mi sí ohun tí mi ò kà?”

“Bàbá, ara yín ò yá nígbà yẹn. Ilé ìwé sì ti fẹ́ wọlé. Ṣé ká máa wòran ni?”

“Ó dáa. Ẹ yọ gbólóhùn náà kúrò nínú tuntun yìí.”

“Àáfà ní tí a bá yọ ọ́, òun á kó ìwé òun lọ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìwà rere ṣáà ni, Bàbá. Kí ló burú ńbẹ̀?”

“Tó bá dára, kí Àáfà fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Kó má fi sí Ànábì lẹ́nu.”

Ọ̀gá ń wo fóònù rẹ̀. Mo rò pé Ẹ̀rí-Dà máa jókòó tì í. Mo rò pé wọ́n máa pe àwọn ọ̀gá ilé ìwé, tí gbogbo wọn mọ̀ wọ́n. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú.

“Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ yọ ọ́, àbí kẹ́ ẹ yọ orúkọ mi.”

Ọ̀gá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. “Oníwèé-Ẹ̀rí, ṣé o gbọ́ ohun tí Bàbá wí?”

Èmi ni mo pa orúkọ náà rẹ́. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi títí mo fi ṣe é tán. Wọ́n ní, “O ṣé, ọmọ mi.” A tẹ ìwé náà tòun ti gbólóhùn yẹn. Àwọn olùkọ́ rí àwòrán Àáfà lẹ́yìn ìwé, wọ́n rà á.

Ẹ̀rí-Dà ní ọwọ́ àwọn mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ ọwọ́ tí kò fọ abọ́, àlejò ló máa jẹ ìdọ̀tí. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ni a ń pè ní Kí-Ló-Dé, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó mú ìwé náà bọ̀ láti ilé kéwú. Ó jókòó lẹ́bàá wọn, ó kà á, ó ya ẹnu, ó tún wo ojú ìwé, ó pa ẹnu dé. Èmi àti Ẹ̀rí-Dà rí i.

“Kí lo fẹ́ bi mí?”

“Kò sí nǹkan, Bàbá àgbà.”

Wọ́n yọ pẹ́ńsùlù, wọ́n fa ilà gba orí gbólóhùn náà, wọ́n kọ “Ẹ̀rí dà?” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ó yá, bi mí.”

Ó tẹjú mọ́ ìwé náà. “Tí olùkọ́ wa bá rí i, ṣé wọn ò ní nà mí?”