Ìwé Ìdúpẹ́ Tíṣà Afọláyan

Gbogbo ẹni tó bá kàwé lọ́dọ̀ Tíṣà Bánkọ́lé Afọláyan ní Ìkẹ́nnẹ́ ló mọ bí ìwé kíkọ rẹ̀ ṣe máa ń dùn-ún wò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí Adérónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ ìkókó tó ń rán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Tíṣà ló ní kí wọ́n máa fi ìwé ìdúpẹ́ sínú ẹrù kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni tí ò rí wa rí, tó sì fọkàn tán wa, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ló wí.

Bí ìyàwó bá ti ń ká aṣọ, ọkọ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á bèèrè orúkọ ọmọ, á sì kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣeun, Ìyá Inúolúwa. Olúwa á wò ó dàgbà fún yín." Lẹ́yìn náà ni ọlọ́kadà á gbé ẹrù lọ sí gáréèjì Ṣàgámù. Àwọn oníbàárà mìíràn a máa ya fọ́tò ìwé náà kí wọ́n tó ya ti aṣọ.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Tíṣà bó ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́. Ó bá ń fi òsì kọ̀wé. Òógùn á bò ó, lẹ́tà á máa ṣubú lura wọn, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kọ ọ́.

Láìpẹ́, obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí Adérónkẹ́ lórí Wasaapu láti Ìbàdàn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọmọdé lẹ ń fún ní ìwé kọ ni? Mi ò rí i kà rárá."

Ojú ti Adérónkẹ́. Ó lọ tẹ káàdì ìdúpẹ́ ní Ṣàgámù, káàdì yẹn ló sì ń fi ránṣẹ́. Èyí tí ọkọ rẹ̀ ń kọ, ó ń kó wọn pa mọ́. Kò lè sọ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, káàdì kan já bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ. Tíṣà fi ọ̀pá fà á mọ́ra, ó kà á.

"Rónkẹ́, àwọn tí mò ń kọ ńkọ́?"

Adérónkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá Dèbórà, ẹ má bínú. Wọn ò rí i kà ni."

Ọkọ gbé káàdì náà lé orí ẹ̀rọ. "Ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá sinmi."

Láti ọjọ́ náà, iwájú ilé ló ń lọ jókòó sí tí ìyàwó bá ń di ẹrù. Adérónkẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó tilẹ̀ máa buwọ́ lu káàdì lásán. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ó ti tó.

Nígbà ọyẹ́, àìsàn náà tún gbé e ṣánlẹ̀. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dèbórà ọmọ wọn bèèrè bóyá kí òun tẹ káàdì mìíràn wá. "Rárá," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. Aṣọ nìkan ló ń fi ránṣẹ́ báyìí. Àwọn oníbàárà kan ti ń bèèrè ìwé ìdúpẹ́ wọn, kò sì tíì mọ ohun tí yóò sọ fún wọn.