Yàrá Agatha Tó Kọjú Sí Títì

Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dé Ìdànrè, kò sẹ́ni tó ń fi yàrá pawó gidi nílùú yìí. Àlejò tó bá dé, wọ́n á fi igun kan hàn án, á tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀. Tó bá rọ́wọ́ mú nígbà tó yá, á gbé iṣu wá kí onílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tíṣà àti ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó, ojú gbogbo onílé là. Wọ́n kó kòkó kúrò nínú àká, wọ́n kùn ún lẹ́fun, wọ́n pè é ní yàrá. Mo mọ ọkùnrin kan tó lé ewúrẹ́ rẹ̀ síta láàárọ̀, tí tíṣà sì sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi nígbà tó kan Agatha.

Agatha ni aránṣọ tó ń gbé òdìkejì ilé wa ní Odòde. Opó ni. Ọkọ rẹ̀, tó ń dá oko kòkó ní Atosin, ra máṣíìnì ọlọ́wọ́ fún un kó tó kú, kò sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀. Òun ló gbé wá sí yàrá kan tó kọjú sí títì nílé Olúsànmí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onílé. Ṣílè márùn-ún ló ń san lóṣù. Yàrá náà kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sọ́jà yóò rí aṣọ tó fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì yà. Ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

Ó ní ìwà kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òkè ni wọ́n bí i sí, nínú ìlú àtijọ́ tó wà láàárín àpáta, kí àwọn èèyàn wa tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòde. Àwọn obìnrin òkè kì í gbálẹ̀ dé ibi tí ògiri wọn parí kí wọ́n dúró. Wọ́n á máa gbá a lọ ni, títí ìgbálẹ̀ wọn yóò fi pàdé ti aládùúgbò. Agatha gbé àṣà náà wá sísàlẹ̀. Bí a kò bá tètè jí, á gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tiwa. Bàbá Onílé kò gbá iwájú ilé rẹ̀ láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti dé, kò sì dúpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá náà wá dúró tì í, ó ń wúkọ́ tí kò ṣe é.

"Agatha, ayé ti yí padà. Tíṣà kan fẹ́ san ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí yàrá yìí. Bí ìwọ náà bá lè san án, kò burú."

Agatha kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ n san mẹ́wàá. Bí mo bá kúrò lójú títì, ta ni yóò rí mi?"

"Ṣebí ìwọ náà nílé lókè," ni bàbá wí, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Lóòótọ́, gbogbo wa la nílé lókè, ṣùgbọ́n ọdún ló ń gbé wa lọ síbẹ̀. Bí a bá ṣọdún tán, a ó sọ̀ kalẹ̀. Ta ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àpáta?

Agatha wá yàrá kiri, kò rí. Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ rù, ó gun òkè lọ sílé tí bàbá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀. Ilé tèmi kún fún ọmọ, àyè ẹní kan kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ò ju kí n máa bá a gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà. Á sọ̀ kalẹ̀ wá kó o, á tún gun òkè padà. Nígbà òjò, àpáta a máa yọ̀. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ bó. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Inú bí mi débi pé tipátipá ni mo fi ń kí Bàbá Onílé.

Tíṣà Benedict ló wọ yàrá náà. Èèyàn dáadáa ni, kò mọ ẹni tó kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́ ilé fún àwọn tíṣà, gbogbo wọn sì kó lọ. Yàrá wá ṣófo káàkiri Odòde, koríko hù níwájú ilé Bàbá Onílé. Ó ránṣẹ́ sí Agatha pé kó máa bọ̀. Agatha ní kí wọ́n bá òun kí bàbá. Ó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, èsì kan náà ló gbà. Ló bá ní kí n tẹ̀ lé òun lọ bẹ̀ ẹ́. Mo gbà, torí mo fẹ́ rí i bí yóò ṣe gun òkè náà.

A sinmi, a tún sinmi, kí a tó dé. Ó ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu bọ̀: òun yóò dín owó kù, òun yóò tún yàrá kùn. Ilé ìyá Bàbá Onílé tó ti di olóògbé la kọ́kọ́ kàn kí a tó dé ilé bàbá Agatha. Òrùlé ti wó, igbó ti bo gbogbo ilé tó yí i ká, ṣùgbọ́n iwájú ilé náà mọ́. A wọlé. Yàrá tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí mọ́ pẹ̀lú, ewé kan kò sí lórí oórì, ipa ìgbálẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀.

"Ta ló ń ṣe èyí?" ni bàbá bi mí.

Agatha ti jáde wá bá wa, ó kúnlẹ̀ kí i. "Èmi ni, Bàbá. Bí mo bá ń gbá tèmi láàárọ̀, mo máa ń gbá a dé ọ̀dọ̀ Ìyá. Àwa méjèèjì nìkan la wà lókè níbí."

Bàbá Onílé jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì, ó sunkún. Kò rántí ọ̀kan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò. "Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé," ni gbogbo ohun tó lè sọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi tí mo wá wòran.

Èmi ni mo gbé máṣíìnì sọ̀ kalẹ̀. Bàbá gbé àpótí ìjókòó Agatha lé orí, ó kọ̀ kí n gbà á, gbogbo Odòde sì rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ la bá níta pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó ti gbá a dé ẹnu ọ̀nà mi. Láti ìgbà náà ló ti ń gun òkè lọ́jọ́ Sátidé, bí orúnkún ń dùn ún, bí kò dùn ún, láti lọ gbá ti ìyá rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí oṣù parí, tí Agatha kó ṣílè mẹ́wàá lọ fún un. Ó ní ohun tí òun ti sọ pé òun yóò san nìyẹn. Bàbá Onílé mú márùn-ún, ó da márùn-ún padà sí i lọ́wọ́.

"Èyí tó kù," ni ó wí, "ìyá mi ti san án."