Igbó Tí Itto Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣán

Bí ẹ bá ní kí n fi ẹni tó lórí kunkun jù ní abúlé wa hàn yín, ilé Itto ni n óò mú yín lọ. Opó ni. Elégédé ló ń gbìn sí ẹsẹ̀ òkè, òun ló sì ń tà jẹun láti ìgbà tí Bassou ọkọ rẹ̀ ti kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko yẹn ni igbó kékeré kan wà, tó kún fún òkúta, ẹ̀gún àti ewé olóòórùn dídùn tó ń jẹ́ táìmù; Itto kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Òdòdó elégédé ló fà á. Àárọ̀ ló ń là, kí oòrùn tó kanrí ó ti pa dé. Bí oyin kò bá tètè gbé eruku inú akọ òdòdó lọ sínú abo, ọmọ elégédé á rà, á sì já bọ́. Inú igbó yẹn sì ni oyin ń gbé, àwọn kan nínú ihò ilẹ̀, àwọn kan nínú igi gbígbẹ. Òdòdó táìmù ni wọ́n ń jẹ títí elégédé yóò fi tanná.

Lójú àwọn èèyàn wa, igbó létí oko opó, ìtìjú gbogbo ẹbí ni. Ìdí nìyẹn tí Moha, ẹ̀gbọ́n Bassou tí a ń pè ní Dadda torí pé àgbà ni, fi kó gbogbo ọkùnrin jọ láti fi ọ̀wẹ̀ bá Itto ṣán an. Wọ́n á ṣiṣẹ́, Itto á se kúskúsì, oúnjẹ àlìkámà wa. A kì í kọ ọ̀wẹ̀ níbí. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, bí èèyàn bá kú nílé rẹ̀, òun nìkan ni yóò gbé òkú náà.

"Bá mi gé kárọ́ọ̀tì," Itto sọ fún mi nílé ìdáná rẹ̀, níbi tí mo ti ń bá a se oúnjẹ ọ̀wẹ̀ náà. "Má béèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe."

Lẹ́yìn iṣẹ́ la máa ń jẹun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ọkọ́ sókè, Itto ti gbé àwo kúskúsì kọjá lára wọn, ó gbé e kalẹ̀ láàárín igbó gan-an.

"A ò tíì ṣe nǹkan kan," Dadda Moha wí.

"Ẹ jókòó, Dadda. Ó máa tutù."

"Sórí ẹ̀gún?"

"Èyí tí ẹ fẹ́ fọwọ́ tu náà lẹ̀ ń bẹ̀rù àtifi ìdí jókòó lé?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ elégédé orí kúskúsì náà tán pátápátá. Nígbà tí Dadda Moha tún mú ọkọ́, Itto dúró síwájú rẹ̀.

"Oyin ibí ló jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ jẹ yẹn kórè. Bí ẹ bá ṣán an, kí ni n óò se fún yín lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Igbó ò tán lórí òkè. Oyin á wá látibẹ̀."

"Àwọn kékeré yìí kì í rìn jìnnà. Oko yín lódìkejì odò ńkọ́? Ẹ ti ṣán etí ẹ̀ mọ́ féfé. Elégédé wo lẹ kó?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọwọ́ Itto ni ìyàwó Dadda Moha ti ń ra elégédé. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

"Wọ́n á ní Bassou kú," Dadda Moha wí jẹ́jẹ́, "ẹbí ẹ̀ sì fi ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀ fún igbó."

"Bassou ló kú, Dadda. Oko ò kú. Àgùntàn ló ń jẹ táìmù mi. Òkúta nìyí. Ẹ bá mi mọ odi yí i ká, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá mọ̀ pé ẹ wá."

Dadda Moha wo igbó, ó wo Itto, àánú àbúrò rẹ̀ tó kú sì hàn lójú rẹ̀. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó gbé òkúta tó tóbi jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó sì tẹ táìmù mọ́lẹ̀.

"Wo ẹsẹ̀ ẹ," Dadda Moha kígbe mọ́ ọn. "Oúnjẹ ìyàwó àbúrò mi lò ń tẹ̀ yẹn."