Táyéwò Oní-áńtẹ́nà Ń Wá Ará Òkè

Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá mú àwòrán ní Ìkọ̀tún láyé ìgbà náà, Táyéwò lẹ máa pè. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan á dúró níta, á máa yí òpó áńtẹ́nà. Ẹnì kejì á jókòó sí pálọ̀, á máa ké jáde lójú fèrèsé pé ó ti ń bọ̀, ó tún ti lọ, ẹ dá a padà díẹ̀. Táyéwò kò fọkàn tán àwọn ará pálọ̀ rárá. Ó ní tó bá ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní ó ti dáa, nígbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣì ń ṣe wìrìwìrì bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Òun a máa wọlé lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ ní torí pé kò ní wàhálà lòun ṣe fẹ́ ẹ. Ìyẹn ò mọ̀ pé ojú sánmà ni wàhálà ọkọ òun wà.

Ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́. Ìbejì ni Táyéwò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sìdíkátù ìyá wọn bí wọn sí. Wọ́n ṣì kéré nígbà tí ibà pa Kẹ́hìndé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n: a kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n ní Kẹ́hìndé lọ sí Èkó. Gbogbo agbo ilé ló sọ bẹ́ẹ̀, títí kan Àfáà tó sin ín. Tí wọ́n bá rán ẹ̀wù fún Táyéwò, wọ́n á rán ti ará Èkó náà mọ́ ọn.

Ó wá ṣe, Táyéwò dàgbà, ó bá wá sí Èkó wá kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ kó tó hu irùngbọ̀n. Síbẹ̀, nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó ń wo ojú àwọn èèyàn ṣáá ní Ìdúmọ̀tà, bóyá á rí ẹni tó jọ òun. Kò rí i. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ìyá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún òun, yálà Kẹ́hìndé kú tàbí kò kú. Kò sì ní ẹnu tó lè fi béèrè. Tó bá lọ sílé ọdún, ìyá á ní, "Èkó ńkọ́?" Òun á ní, "Èkó wà, Ìyá." Wọ́n á bá tiwọn lọ.

Lọ́dún 1992, rédíò sọ pé àwọn òyìnbó ti gbé àwo áńtẹ́nà ńláńlá kọjú sí sánmà, wọ́n ń tẹ́tí bóyá ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀. Àwọn aládùúgbò yí rédíò tiwọn síbi orin. Táyéwò kò yí tirẹ̀. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ òun gan-an ni wọ́n ń sọ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ náà ló lọ gbé áńtẹ́nà fún Tíṣà Báyọ̀dé ní Ìdìmù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní sáyẹ́ǹsì. Orí àkàbà ló ti bi í.

"Tíṣà, àwọn tí òyìnbó ń wá yẹn, ṣé wọ́n wà?"

"A ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀ ni, àbí wọn ò sí?"

"Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ọ̀gá. Ìràwọ̀ pọ̀ jàre, díẹ̀ la sì tíì tẹ́tí sí. Ohun abẹ̀mí lè wà níbẹ̀ tí kò ní ẹnu, kó kàn dà bí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù lára ògiri kànga. Wọ́n sì lè máa sọ̀rọ̀, kí ọ̀nà jìn débi pé ẹni tó béèrè á ti kú kí èsì tó dé."

"Ẹni tó dákẹ́ lè wà, nígbà náà."

"Ó lè wà. Ó sì lè máà sí."

Táyéwò sọ̀ kalẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò wọlé wo àwòrán. Odidi ọ̀sẹ̀ náà, Báyọ̀dé ń fetí gbọ́ ìròyìn láìrí ẹni tó ń kà á.

Nígbà tó délé ní Ìgàndò, ó ri òpó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó dojú áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ kọ òkè gan-gan. Àfáà àdúgbò ní Olúwa gbogbo ayé ni Kùránì wí, kì í ṣe ti ayé kan, nítorí náà òun ò ní bá a jiyàn. Bàbá Adéríbigbé onílé, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ní bí wọ́n bá wà, kí wọ́n má ṣáà wá gba yàrá lọ́wọ́ òun, torí omi kànga ò tó. Ìdíátù ní àwọn ará òkè ò ṣeré tíátà, kí wọ́n dá eré òun padà.

Ìyá Táyéwò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Ojú náà san. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìdíátù lọ sọ́jà Ìṣẹ̀rí, ó ku ìyá ní pálọ̀. Táyéwò jáde síbi òpó.

"Ìyá, kí lẹ rí?"

"Wìrìwìrì."

"Báyìí ńkọ́?"

"Wìrìwìrì náà ni. Ta lò ń wá gan-an?"

Ó dúró lójú fèrèsé, ó ṣàlàyé fún un. Ìyá gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé wọ́n ti dáhùn?"

"Wọn ò tíì dáhùn." Ó di òpó mú. Ẹ̀rù ń bà á. "Ìyá, ẹni tí a pè tí kò dáhùn, ṣé ó wà níbì kan ni, àbí kò sí mọ́?"

Ìyá ní kó wọlé. Ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń wò, kò wo ọmọ rẹ̀.

"Kẹ́hìndé kú," ló wí. "Orí itan mi níbí ló kú sí."

Táyéwò ti rò pé ọjọ́ tóun bá gbọ́ ọ, ara á tu òun. Kò tù ú. Ó jókòó sílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, Ìyá?"

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́, kí ìwọ má baà bá a lọ. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sunkún. Àwọn tó wá sọ́dọ̀ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n ń kí mi. Mo ń dá wọn lóhùn. Ọmọ mi kú, Táyéwò, kò sẹ́ni tó kí mi. Títí dòní, kò sẹ́ni tó kí mi."

Táyéwò dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ìyá. Ọlọ́run á kẹ́ Kẹ́hìndé."

Sìdíkátù bú sẹ́kún. Tẹlifíṣọ̀n ṣì ń dún ṣàà. Táyéwò dìde, ó pa á, kó lè máa gbọ́ ìyá rẹ̀ dáadáa, ó sì padà wá jókòó tì í.