Aládùúgbò Tó Ju Obì ní Cocody

Olóògbé Mouritala olóbì, ẹni tí kò ka ìwé kankan ju Kùránì lọ, ló kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní iṣẹ́ ọpọlọ nínú ọgbà yunifásítì ní Cocody, lọ́dún 1974. Bí àwọn olóbì ìlú Anyama bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rafiatou, nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Rafiatou ló máa ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sókè láràárọ̀ nílé wọn ní Williamsville, tí bàbá á máa fetí sí i bó ṣe ń fi pákò fọ ẹnu. Lọ́jọ́ náà, bàbá gbé oúnjẹ lọ fún un nínú ọkọ̀ obì, pẹ̀lú alágbàárù mẹ́rin lẹ́yìn. Ó bá Rafiatou àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi ní yunifásítì, tí Gilbert, ọ̀kan nínú wọn, ń di orí mú.

"Neurone kan kì í fara kan èkejì," ni Gilbert ń wí nípa àwọn fọ́nrán tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ. "Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ṣe ń kọjá?"

"Ṣé ìyẹn ló ń dà yín láàmú?" ni bàbá dáhùn ní Faransé ọjà. Ó yíjú sí ọkọ̀. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ gbé ìdì obì kan wá!"

Láàárín àwọn olóbì, ìdì obì kì í ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́. Bí ènìyàn méjì bá jọ dì í mú, ewé tí wọ́n fi dì í á ya. Jíjù ni wọ́n ń jù ú. Bàbá to àwọn alágbàárù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí koríko, ó fi àyè sáàárín wọn.

"Ẹ wò ó! Iná ló ń sáré nínú ara neurone báyìí. Ó dé ìpẹ̀kun, iná ò lè fò. Ó wá ju oògùn sí èkejì, bí ìdì obì yìí. A mina!"

Bí wọ́n ṣe ń kígbe "gbà á mú" ní èdè Jùlá nìyẹn. Ẹnì kìíní ju ìdì náà; ẹnì kejì hán an, ó sáré, ó jù ú. Ẹnì kẹta hán an. Ṣùgbọ́n Yessoufou, ẹnì kẹrin, ń wo àwọn ọmọge. Ìdì náà kọjá létí rẹ̀, ó bà lé bàtà ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń jáde bọ̀, obì sì fọ́n káàkiri.

Bàbá ò tilẹ̀ mira. "Ẹ má bínú, monsieur," ó ní. "Ìgbàgbé nìyẹn."

Gilbert rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Rafiatou, ṣé o mọ bàbá yìí ni?"

Rafiatou wo ẹ̀wù bàbá tí oje obì ti pa láró, ó wo bàtà ọ̀jọ̀gbọ́n. Ojú gbà á tì. "C'est un voisin," ó ní. Aládùúgbò lásán.

Bàbá gbọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na abọ́ oúnjẹ sí i. "Bẹ́ẹ̀ ni, mademoiselle. Ìyá yín ló ní kí n gbé e wá fún yín." Ó ń pọ́n ọmọ tó bí lé, kí irọ́ rẹ̀ má baà já.

Kò mẹ́nu bà á nílé rárá. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń fi ẹ̀kọ́ náà da Sidikatou, ìyàwó rẹ̀, láàmú. Sidikatou rán an ní iyọ̀, ó gbàgbé.

"Èmi jù ú," ni bàbá wí. "Ẹnì kejì ni kò hán an."

"Ó dáa. Kí ẹnì kejì yẹn wá se oúnjẹ yín."

Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń tà ládùúgbò, ni bàbá jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà ìdánwò, Rafiatou fi ìdì obì ṣàlàyé, ó sì gbégbá orókè. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní inú ìwé lòun ti rí i. Ìtìjú ọjọ́ kìíní di méjì. Ọdún mẹ́rin ló fi ń múra láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá, kò sì tọrọ rẹ̀ títí bàbá fi kú.

Gilbert, tó ṣì gbà pé aládùúgbò ni olóbì náà, wá síbi fídáù rẹ̀. Àwọn olóbì tún ìtàn náà sọ, ilé ń mì fún ẹ̀rín. Gilbert fi ọwọ́ nu ojú. "Rafiatou, aládùúgbò yín yìí ò ṣeé gbàgbé o."

Rafiatou dìde. "Kì í ṣe aládùúgbò. Bàbá mi ni. Mo sẹ́ ẹ lójú ara rẹ̀, ó sì bá mi bò ó."

Yessoufou, alágbàárù kẹrin ọjọ́ náà, yíjú sí i. "Rafiatou, nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má bá ọ wí. Ó ní, 'Ọwọ́ rẹ̀ ló dí. Mo ti jù ú sí i. Á hán an tó bá yá.'"

Rafiatou kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló rántí bí ìdì obì ṣe bà lé bàtà ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.