Ẹ́ńjìnnì tó Gba Pálọ̀ Wa

Gbogbo Òmù-Àrán ló mọ̀ pé Dáníẹ́lì ọkọ mi, tíṣà ìṣirò, jẹ́ ènìyàn tó ní làákàyè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí làákàyè náà máa ń sá lọ nígbà míì ni mo ń kọ èyí fún. Lójú rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń pè é, bí ìyá mi ti kọ́ mi. Níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n fi “ó” sinmi díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni ó ra mọ́tò Ìjàpá lọ́wọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń padà sílé. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, kì í sì í mu omi. Atẹ́gùn tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ ló ń tù ú. Ọkọ mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju oúnjẹ lọ. Bí ó bá rí dírẹ́bà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń hó lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń wá omi kiri, á rọra yí gíláàsì wálẹ̀, á bá a kẹ́dùn, á sì jẹ́ kó mọ̀ pé ti òun kì í mu omi. Nítorí náà, nígbà tí bẹ́líìtì tó ń yí fáànù já lọ́nà Ìsánlú-Ìsin, ọ̀gá kò dúró. Omi kò kúkú sí níbẹ̀, kí ló fẹ́ hó? Iná pupa tàn níwájú rẹ̀, ó ní iná yẹn ti ń ṣe wèrè tipẹ́. Ó wa ọkọ̀ náà délé pẹ̀lú ariwo àti òórùn, ẹ́ńjìnnì sì kú sẹ́nu ọ̀nà wa. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún ni. Gbogbo Nàìjíríà yà sọ́tùn-ún. Tiwa yà sábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà títí ojú ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Òwu-Ìsin ni wọ́n ń gbé, Ìyá Òwu ni a ń pè wọ́n. Wọ́n á bu ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n á ní àwo ló sún. Nọ́ọ̀sì kan yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kí a tètè gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìlọrin, pé irú àìsàn yìí kì í dúró de ènìyàn, ohun tó bá sì ti mú lọ, kò ní dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó yé ọkọ mi. Ó yé Ìyá Òwu pàápàá, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ká wọn lára ju ojú lọ.

Hàmídù, ọmọ orogún wọn, ní píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó iṣu lọ sí Ìlọrin. Bàbá kan náà ló bí òun àti ọkọ mi. Ìyá tirẹ̀, Hàjàrá, ń kírun, tiwa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì jà nítorí ìyẹn. Ọmọ ta ló ń ṣe dáadáa jù, òun ni ìjà wọn. Hàmídù wá fúnra rẹ̀, ó ní òun á gbé Ìyá jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìyá Òwu dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún un títí, wọ́n sì ní àwọn kò lọ. Hàjàrá kò ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa wo àwọn nínú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọmọ tàwọn ní ọkọ̀. Òótọ́ ni, ó ní ọkọ̀. Adìyẹ ló ń lò ó.

“Ọkọ̀ Dáníẹ́lì ni màá wọ̀ lọ,” ni wọ́n wí. “Kí gbogbo Òwu rí mi.”

Ọmọ mìíràn ì bá gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ èrò tipátipá. Inú ọkọ mi dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣèlérí pé ẹ́ńjìnnì náà á jí láìpẹ́.

Ó yọ ọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé e wọ pálọ̀, nítorí eruku ìta kò dára fún un. Ti èmi àtàwọn ọmọ, a lè máa fa eruku símú. Ó tú u palẹ̀ sórí ẹní, pístìn gba tábìlì ìjẹun, àwa sì ń jẹun lórí itan wa. Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, dé, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra rédíò; tiwa di pístìn tuntun. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ náà. Ó fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ó tò ó padà, ó gbé e lé igi ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì ṣíná sí i. Ó dún kíkankíkan. Mo sáré wọlé lọ di aṣọ ìrìn-àjò sínú báàgì.

Ó ní kò tíì parí.

Kí ló kù? Ẹwà ló kù. Hàmídù á ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wò, ó ní, ẹ̀gbin kò gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀. Ó kun páànù tó bo fáànù ní dúdú, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi sáńpépà ha á kúrò, ó tún un kùn. Ó jókòó ti nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó wọn. Òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà kò gbẹ. Ọyẹ́ dé, eruku lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Òwu kí wọ́n bá mi bá ọmọ wọn wí. Wọ́n dáhùn pé kí ó ṣe é kó dán dáadáa.

Inú bí mi. Mo dúró sí iwájú rẹ̀ ní pálọ̀, mo ní: “Bàbá Rótìmí, ojú ìyá yín ò lè dúró de ọ̀dà o.” Ó ní kí n má fẹnu mi pe ibi, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Òwú ló fi ń nu ẹ́ńjìnnì náà bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tó gbé e wọnú Ìjàpá, a wà á lọ sí Òwu. Gbogbo agboolé jáde. Hàmídù ṣí ẹ̀yìn, ó pariwo ìyìn. Hàjàrá ìyá rẹ̀ náà wò ó, wọ́n ní ó dára, ó sì dénú wọn. Ọlárónkẹ́, àbúrò ọkọ mi, ló fa Ìyá Òwu lọ́wọ́ jáde. Wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n fọwọ́ pa ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń wá ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Ní Ìlọrin, dókítà béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi, tíṣà ìṣirò, kò lè ṣírò rẹ̀. Dókítà náà ní ó dun òun, pé bí a bá ti gbé wọn wá nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ìyókù ojú náà ì bá wà níbẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, ẹ́ńjìnnì náà kò wúkọ́ rárá. A kọjá Ganmo, igbó nìkan ló wà lọ́tùn-ún lósì, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ìyá Òwu jókòó níwájú, wọ́n tún gèlè wọn ṣe.

“Dáníẹ́lì, ṣé àwọn ènìyàn ń wò wá?”

Ó wo igbó lọ́tùn-ún, ó wo igbó lósì. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ sínú fún un láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo rẹ̀ sì korò. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí.

“Wọ́n ń wò wá, Màmá,” mo ní. “Gbogbo wọn ti dìde dúró.”

Ìyá gbé ọwọ́ sókè lójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́ sí igbó.