Ẹ̀wù Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Wà ní Ojú Ogun

Nínú agboolé wa ní Ẹ̀fọ̀n, a kì í ra aṣọ. Yèyé mi ló ń ran òwú, tó ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn, tó sì ń fi abẹ́rẹ́ rán an bí ìyá tirẹ̀ ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní ibùdó ogun, ẹ̀wù tirẹ̀ kò parí bọ̀rọ̀. Bí Yèyé bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójúde, á dìde. Bó bá tún jókòó, á tú apá ẹ̀wù náà, á tún un rán.

Mo ní, “Yèyé, apá yìí mà dára.”

Yèyé ní, “Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti fojú kan ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé o mọ bó ti ga tó báyìí ni?”

Lọ́jọ́ tí ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ibùdó fẹ́ lọ, bàbá mi já ẹ̀wù náà gbà lọ́wọ́ Yèyé, ó fi rán ọkùnrin náà sí ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin náà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ òkè tán tí Yèyé fi sáré tẹ̀lé e, tí èmi náà sì tẹ̀lé Yèyé. Ó gba ẹ̀wù padà, ó jókòó sórí òkúta, ó ń rán ègé kíjìpá kan mọ́ etí apá rẹ̀. Ó ń rán an, ó tún ń tú u, ni mo bá gba abẹ́rẹ́, mo parí rẹ̀, a sì dá ẹ̀wù náà padà fún ọkùnrin náà.

Ọdún kejì ni ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ ọ́ wálé. Apá rẹ̀ ṣì kúrú. Yèyé dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló ń wò, torí ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí òun tó padà sí ibùdó.